Ẹ̀kúnwọ́ Kan Lórí Pòpórò: Àṣírí Ewúrẹ́ Tó Ń Dán Nínú Ẹ̀ẹ̀rùn Maiduguri

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ariwo. Ewúrẹ́ lè jẹun yó, kí ikùn rẹ̀ yọ síta gbọ̀ngbọ̀n, kó sì máa rù lójoojúmọ́. Wo àwọn ẹran tó ń rìn káàkiri àdúgbò ní Maiduguri láti Oṣù Kejì títí di Oṣù Karùn-ún. Ikùn wọn tóbi, ṣùgbọ́n o lè ka egungun ìhà wọn láti òdìkejì títì. Ẹni tí kò mọ̀ á ní wọ́n ń jẹun dáadáa. Àwa tá a mọ̀ rọra ń mi orí.

Ẹran tó ń jẹ pòpórò nìkan dà bí ẹni tó ń jẹ èbà láìrí ọbẹ̀: ó yó, àmọ́ kò rí nǹkan kan jẹ. Ọbẹ̀ yẹn ni mo fẹ́ kọ́ ọ bí a ṣe ń sè, kò sì ní ná ọ lówó rẹpẹtẹ. Ẹ̀kúnwọ́ kan tàbí méjì lóòjọ́ ti tó.

Ṣé o mọ bí òjò ìlú yìí ṣe rí. Ó ń bẹ̀rẹ̀ dáadáa ní Oṣù Kẹfà, ó sì ti ń kó ẹrù rẹ̀ lọ ní Oṣù Kẹsàn-án. Láti ìgbà náà, bí oṣù mẹ́jọ ni koríko yóò fi gbẹ, tí oòrùn Oṣù Kẹrin yóò sì kọjá 40 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Nílé wa ní Ìbàdàn tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ewúrẹ́ kúńkúrú wa á rí èèpo iṣu, èèpo ẹ̀gẹ́, ewé tútù lẹ́yìn ilé. Ewúrẹ́ ibí ga lẹ́sẹ̀, ó sì lè rìn jìnnà, ṣùgbọ́n ibi tó ń rìn lọ gan-an ò ní nǹkan. Ohun tó kù lóko lẹ́yìn ìkórè ló máa jẹ: pòpórò ọkà bàbà, pòpórò jéró, èèpo ẹ̀wà, ìtàkùn ẹ̀pà.

Nínú pòpórò ọkà, púrótéènì kì í sábà tó 5 nínú 100. Ewúrẹ́ sì nílò bíi 7 tàbí 8 kó tó lè dúró síbi tó wà, ká má tíì sọ pé ó lóyún tàbí ó ń fọ́mọ lọ́mú. Ìdí rẹ̀ dùn mọ́ mi púpọ̀, jẹ́ kí n sọ ọ́. Ewúrẹ́ kọ́ ló ń da pòpórò fúnra rẹ̀. Àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé inú àpòlúkù rẹ̀ ló ń bá a dà á, àwọn náà sì fẹ́ jẹun. Púrótéènì ló ń mú kí wọ́n pọ̀ sí i. Bí ebi bá ń pa wọ́n, pòpórò á kàn jókòó sínú ikùn, kò ní dà, kò ní kọjá, ewúrẹ́ ò sì ní lè jẹ òmíràn torí àyè ò sí. Ikùn á tóbi, ara á gbẹ. Tí o bá wá fún un ní ẹ̀kúnwọ́ ohun tó ní púrótéènì, àwọn kòkòrò yẹn ló kọ́kọ́ ń jẹ ẹ́, wọ́n á bí sí i, wọ́n á sì kọjú sí pòpórò. Nípa báyìí, pòpórò tó o ti ní tẹ́lẹ̀ á wá wúlò ju bó ṣe wà lọ. Àwọn onímọ̀ ẹran ọ̀sìn ní Yunifásítì Maiduguri, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1975, ti ń bá irú ìwádìí yìí bọ̀ tipẹ́, torí ìṣòro àdúgbò wọn gan-an nìyí.

Ó yá, ká bọ́ sí ilé ìdáná àwọn ewúrẹ́.

Háráwà ni mo máa kọ́kọ́ fi sọ́wọ́ ẹ. Ìtàkùn àti ewé ẹ̀pà tàbí ti ẹ̀wà ni, tí wọ́n fà tu, tí wọ́n sá, tí wọ́n dì ní ìdì ìdì. Èyí tó dára nínú rẹ̀ ní púrótéènì tó 10 sí 15 nínú 100, ti ẹ̀wà tilẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewúrẹ́ fẹ́ràn rẹ̀ kọjá sísọ, kò sí pé à ń bẹ̀ ẹ́ kó jẹ. Kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan fún ọ: òórùn háráwà tuntun wù mí ju ti lọ́fínńdà lọ. Má sọ fún ẹnikẹ́ni.

Bí o bá fẹ́ rà á, má wo bí ìdì ṣe tóbi tó. Ki ọwọ́ bọ àárín rẹ̀, fa díẹ̀ jáde. Ṣé ewé wà lórí rẹ̀, àbí igi lásán ló kù? Ewé ni oúnjẹ wà. Ṣé àwọ̀ rẹ̀ ṣì ń fà sí ewéko, àbí ó ti ṣá bí iyanrìn? Fi sí imú. Tó bá ń rùn bí ohun tó bu, fi í sílẹ̀ fún ẹni tó ń tà á. Àwọn òǹtajà kan máa ń fi ìdì tó dára bo ojú, wọ́n á sì ki ti ọdún tó kọjá sí àárín. Èmi máa ń rẹ́rìn-ín sí wọn, màá ní kí wọ́n tú u.

Ìgbà tó o rà á tún ṣe pàtàkì ju ibi tó o ti rà á lọ. Lẹ́yìn ìkórè, ní Oṣù Kẹwàá àti Oṣù Kọkànlá, ọkọ̀ á máa kó o wọlé láti àwọn ìgbèríko, gbogbo èèyàn ń tà. Ní Oṣù Kẹta, gbogbo èèyàn ń rà. Fi èyí sọ́kàn kó o tó ná owó àjọ rẹ sórí aṣọ ẹbí.

Wo bí àwọn ará Borno ṣe ń tọ́jú rẹ̀: orí òrùlé tàbí orí ẹ̀ka igi, níbi tí ewúrẹ́ ò lè dé tí ikán ò sì lè gùn dé kíákíá. Ọgbọ́n gidi ni. Ohun kan ṣoṣo tí mo fi kún un ni pé mo máa ń da nǹkan bò ó. Oòrùn tó ń pa á láràárọ̀ ń ba ewé jẹ́, á fọ́ bí o bá fọwọ́ kàn án, afẹ́fẹ́ ọyẹ́ á sì gbé e lọ. Ìdí tí mi ò fi fọwọ́ kékeré mú ìtọ́jú yìí rèé: rántí omíyalé 10 Oṣù Kẹsàn-án 2024, nígbà tí ìdídò Alau ya, tí omi sì gba ọ̀pọ̀ àdúgbò ní Maiduguri. Ẹran púpọ̀ bómi lọ. Ọ̀pọ̀ obìnrin tún bẹ̀rẹ̀ láti orí ewúrẹ́ kan tàbí méjì. Ẹni tó ní méjì péré, àbúrò mi, kò ní àyè pé kí ọ̀kan rù kú.

Ẹ̀kúnwọ́ háráwà méjì ńlá fún ewúrẹ́ tó ti dàgbà, ìyẹn bíi gíráàmù 200 sí 300 lóòjọ́, ni mo máa ń sọ fún àwọn tó bá bi mí. Ewúrẹ́ tó wọn kílò 25 kì í jẹ oúnjẹ gbígbẹ ju kílò kan lọ lóòjọ́. Nítorí náà háráwà yẹn kò ní gba ipò pòpórò, yóò kàn gbé e lárugẹ.

Tí o bá ní ilẹ̀ díẹ̀, gbin tìrẹ. Ìran ẹ̀wà kan wà tí wọ́n ń pè ní IT89KD-288, láti ọwọ́ ilé ìwádìí ọ̀gbìn IITA. A máa so hóró fún ilé, a sì máa ní ewé púpọ̀ fún ẹran lẹ́ẹ̀kan náà. Irú ẹ̀wà bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ràn, èyí tí kì í bá èèyàn àti ẹran jà.

Lẹ́yìn háráwà, kúlí. Èyí tí wọ́n fún òróró ẹ̀pà kúrò lára rẹ̀. Àwọn obìnrin tó ń fún òróró ẹ̀pà pọ̀ nílùú yìí, ọ̀rẹ́ wọn ni kó o jẹ́. Bẹ̀ wọ́n kí wọ́n yọ èyí tó fọ́ tàbí èyí tí kò gún régé sọ́tọ̀ fún ọ kí wọ́n tó fi ata àti iyọ̀ sí i. Púrótéènì rẹ̀ lè kọjá 40 nínú 100, ìdí nìyẹn tí ìwọ̀nba díẹ̀ fi ń ṣiṣẹ́ púpọ̀. Gíráàmù 50 sí 100 tó fún ewúrẹ́ kan lóòjọ́. Gún un, má jù ú sílẹ̀ lódidi. Kó o sì fi pamọ́ kúrò lójú àwọn ọmọ ilé, torí kì í ṣe ewúrẹ́ nìkan ló máa ń jẹ ẹ́.

Ṣùgbọ́n gbọ́ o. Kúlí tó bu, má ṣe fún wọn jẹ. Ní 1960, ju 100,000 tòlótòló lọ ló kú ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, wọn ò mọ ohun tó pa wọ́n, títí wọ́n fi wá rí i pé oúnjẹ ẹ̀pà tí wọ́n kó wá láti Brazil ló ní májèlé olú nínú. Ibẹ̀ ni ayé ti mọ aflatoxin. Kì í ṣe tòlótòló nìkan ló ń pa lára. Ó ń ba ẹ̀dọ̀ ewúrẹ́ jẹ́, ó sì ń bá wàrà jáde lọ sí ẹnu ọmọ tó ń mu wàrà ewúrẹ́ náà. Sísá a lóòrùn ò ní mú un kúrò. Dà á nù.

Èérí ni ìkẹta, tí àwọn ará ibí ń pè ní dùsá. Èyí tí wọ́n bó lára ọkà bàbà, jéró, àgbàdo tàbí àlìkámà kí wọ́n tó lọ ìyẹ̀fun. Kò sí ilé ẹ̀rọ ìlọta tí o kò ti ní rí i. Agbára ló ń fún ẹran, púrótéènì rẹ̀ kò burú, ṣùgbọ́n kò tó kúlí. Bí mo ṣe ń pò ó nìyí: kóńgò dùsá mẹ́ta, kóńgò kúlí gígún kan, iyọ̀ ṣíbí oúnjẹ méjì tí kò kún. Wọ́n omi díẹ̀ sí i kí eruku rẹ̀ má wọ ẹran nímú, torí eruku ọyẹ́ níta ti tó wọn. Fún ewúrẹ́ kọ̀ọ̀kan ní nǹkan bíi gíráàmù 150 sí 200 lóòjọ́, lẹ́yìn tó bá ti jẹ pòpórò díẹ̀ láàárọ̀. Tí ebi bá ń pa á gan-an tó o wá gbé dùsá síwájú rẹ̀, á gbé e mì ràì ràì, ikùn á sì wú.

Ohun kan wà nípa dùsá tí àwọn tó ń sin òdá gbọ́dọ̀ mọ̀. Fọ́sífọ́rọ́ọ̀sì pọ̀ nínú rẹ̀, kálísíọ́ọ̀mù ò pọ̀. Òbúkọ tí wọ́n ti tẹ̀ lọ́dàá, tó bá ń jẹ dùsá lójoojúmọ́ láìsí nǹkan mìíràn, òkúta kéékèèké lè dì sí ojú ọ̀nà ìtọ̀ rẹ̀. Tí o bá rí i tó ń fúnra, tó ń na ara, tí ìtọ̀ ò jáde, wá dókítà ẹran lọ́jọ́ náà, má dúró di ọ̀la. Háráwà ní kálísíọ́ọ̀mù dáadáa, nítorí náà má jẹ́ kí dùsá dá nìkan wà láwo. Omi púpọ̀ náà ń dènà rẹ̀.

Ti omi yẹn, ìwọ náà mọ̀. Ẹran tó ń jẹ ohun gbígbẹ nínú oòrùn Maiduguri gbọ́dọ̀ rí omi tó mọ́ mu láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ó kéré tán. Tí kò bá mumi, kò ní jẹun. Kò sí àfikún tó lè tún èyí ṣe.

Káún ńkọ́? Mo gbọ́ ìbéèrè yẹn lẹ́nu rẹ. Adágún Chad wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, láti ayébáyé sì ni wọ́n ti ń kó káún láti apá Kanem gba ìhà ibí lọ sí ilẹ̀ Hausa àti ilẹ̀ Yorùbá. Òkúta káún kan tó o so mọ́ ògiri, kí wọ́n máa lá a, dára. Ó ń fún wọn ní àwọn èròjà tí pòpórò ò ní, ó sì ń mú kí òùngbẹ àti ebi pa wọ́n. Ewúrẹ́ tó ń lá ògiri tàbí tó ń jẹ yẹ̀pẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ohun tó ń wá nìyẹn. Àmọ́ káún kì í ṣe oúnjẹ. Àwọn kan gbà pé káún ló ń mú ẹran sanra, wọ́n á fún un ní káún, wọ́n á sì fi pòpórò nìkan tì í. Púrótéènì ò sí nínú káún, kódà tó o bá da àpò kan síwájú rẹ̀.

Igi tún wà, ọ̀fẹ́ sì ni. Èyí tí mo fẹ́ràn jù lọ ni gàwó. Igi yìí ń ṣe ìdàkejì gbogbo igi: nígbà òjò ló ń wọ́ ewé, nínú ẹ̀ẹ̀rùn ló ń yọ ewé tútù. Èso rẹ̀ tó ká kòrókòró a máa já bọ́ nígbà tí oúnjẹ wọ́n jù lọ. Rán àwọn ọmọ lọ ṣà á. Gún un díẹ̀ kó o tó fún ẹran, torí hóró inú rẹ̀ le, tó bá lọ lódidi, á tún jáde lódidi. Dóńgóyárò pọ̀ nílùú yìí ju gbogbo igi lọ, ewúrẹ́ sì máa ń já ewé rẹ̀ jẹ nígbà tí kò sí nǹkan mìíràn, ṣùgbọ́n ó korò, èmi kò kà á sí oúnjẹ.

Ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan tó kàwé sọ fún ọ nípa yúríà. Òótọ́ ló wà nínú ìwé: wọ́n máa ń po kílò 4 tàbí 5 yúríà mọ́ omi, wọ́n á wọ́n ọn sórí pòpórò kílò 100, wọ́n á bò ó pinpin fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, pòpórò á rọ̀, púrótéènì rẹ̀ á sì ga. Wọ́n tún máa ń fi í sínú búlọ́ọ̀kù tí ẹran ń lá, pẹ̀lú oje ìrèké dúdú, dùsá, iyọ̀ àti sìmẹ́ǹtì. Ó ń ṣiṣẹ́ ní ibi púpọ̀ láyé. Àmọ́ ní Borno, láti ìgbà ogun Boko Haram ni àwọn ológun ti ń ká ajílẹ̀ yúríà lọ́wọ́ kò, torí wọ́n ń fi í ṣe bọ́ǹbù. Ìwọ àti àpò yúríà lójú títì, àlàyé yín á pọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, tí ewúrẹ́ bá jẹ ẹ́ jù, á pa á láàárín wákàtí díẹ̀, bẹ́ẹ̀ sì ni kò yẹ ọmọ ewúrẹ́ rárá. Èmi ò ní gbà ọ́ níyànjú rẹ̀. Kúlí àti háráwà ń ṣe iṣẹ́ kan náà láìsí ìbẹ̀rù.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà nílé, ní ìhà gúúsù, ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ yìí ò kàn yín. Èèpo ẹ̀gẹ́ ni pòpórò tiyín. Agbára wà nínú rẹ̀, púrótéènì ò fi bẹ́ẹ̀ sí, tútù rẹ̀ sì ní májèlé. Àwọn onímọ̀ ILRI, ilé ìwádìí ẹran ọ̀sìn, àti ti IITA ní Ìbàdàn ti ń kọ́ àwọn èèyàn bí wọ́n ṣe ń rin ín, tí wọ́n ń fún omi rẹ̀ jáde, kí oòrùn ọjọ́ kan lè gbẹ ẹ́ dípò ọjọ́ méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ fi ẹ̀kúnwọ́ kúlí tàbí ewé àgúnmánìyè sí i.

Ó ku ìgbà tó yẹ kó o ná owó náà. Kì í ṣe gbogbo ẹran ló nílò rẹ̀ bákan náà. Tí owó ò bá pọ̀, bẹ̀rẹ̀ látọ̀dọ̀ aboyún. Oṣù márùn-ún ni ewúrẹ́ fi ń lóyún, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tó kẹ́yìn sì ni ọmọ inú rẹ̀ ń dàgbà jù. Fún un ní ìlọ́po nígbà náà, kó o sì máa bá a lọ títí ọmọ yóò fi lè jẹun dáadáa. Èyí tó o fẹ́ mú lọ bá òbúkọ náà, bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú. Ẹran tí ara rẹ̀ ń jí nígbà yẹn ló sábà máa ń bí ìbejì. Èyí tó o fẹ́ tà fún Iléyá, má dúró di ọ̀sẹ̀ tó kẹ́yìn kó o tó rántí pé ó nílò oúnjẹ. Oṣù méjì tàbí mẹ́ta ṣáájú ni kó o ti bẹ̀rẹ̀.

Rọra bẹ̀rẹ̀ àfikún oúnjẹ yìí o. Ọjọ́ méje sí mẹ́rìnlá ni kó o fi máa fi kún un díẹ̀díẹ̀, torí àwọn kòkòrò inú àpòlúkù yẹn ò fẹ́ràn ohun òjijì.

Pòpórò náà ní ọgbọ́n tirẹ̀. Gé e sí wẹ́wẹ́, ṣùgbọ́n gbé e sílẹ̀ ju èyí tí wọ́n lè jẹ lọ. Ewúrẹ́ ń yan oúnjẹ bí ìyàwó tuntun. Á ṣa ewé rẹ̀ jẹ, á fi igi sílẹ̀. Fi igi yẹn dáná, má bínú sí i. Kó o sì ṣa ọ̀rá kúrò ní àgbàlá rẹ. Ewúrẹ́ tó ń jẹ ọ̀rá, iyọ̀ tó ta sí i lára ló ń wá. Ọ̀rá yẹn ò ní dà láéláé, á dì sínú àpòlúkù, kò ní jẹ́ kí kúlí tó o fi owó rà rí àyè.

FAO, àjọ oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀ àgbáyé, àti àwọn mìíràn ti pín ewúrẹ́ fún ọ̀pọ̀ obìnrin ní Borno láti ìgbà tí ogun ti lé wọn kúrò nílé. Bí ìwọ náà bá wà lára wọn, tàbí o fi owó rẹ ra tìrẹ, oúnjẹ ẹ̀ẹ̀rùn àkọ́kọ́ ló máa sọ bóyá wàá ní mẹ́fà tàbí wàá padà sí òfo. Lọ ra háráwà rẹ kí Oṣù Kejìlá tó wọlé. Lẹ́yìn ìgbà náà, owó rẹ̀ kì í wálẹ̀ mọ́ títí òjò yóò fi dé.